Ojú mi ń dán bí ẹni fi epo pa á, síbẹ̀ ó ń bó: irú ìpara wo ni kí n lò?

Ọmọ Ẹlẹ́ja (Ẹ̀pẹ́)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹni ọdún 23 ni mí, èmi àti màámi la jọ ń ta ẹja ní ọjà Olúwo. Àwọn ń ta tútù, èmi ni mò ń yan èyí tó bá ṣẹ́kù. Ẹni tó bá ti dúró ti ààrò ẹja rí á mọ ohun tí mò ń sọ: èéfín á fẹ́ sójú, òógùn á máa ṣàn wọ ọrùn, kí aago 12 tó lù, iwájú orí mi á ti máa kọ mànà bíi dígí.

Irorẹ́ ti ń bá mi jà láti SS2. Iwájú orí ló pọ̀ sí jù, lẹ́yìn náà ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ní bí oṣù méjì sẹ́yìn, apòògùn kan fún mi ní gel tí wọ́n kọ benzoyl peroxide 5% sí lára. Ó ṣiṣẹ́ o, mi ò ní purọ́, àwọn ńláńlá inú wọn ti ń gbẹ. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ imú àti àgbọ̀n mi wá ń bó bí èèpo àlùbọ́sà, omi lásán tí mo bá bù sí i, á máa ta mí bí ata. Ó tún sọ aṣọ ìrọ̀rí mi aláwọ̀ búlúù di alábàwọ́n funfun-funfun, ẹ̀rù sì ń bà mí pé bóyá bó ṣe ń ṣe ojú mi náà nìyẹn. Ọṣẹ dúdú àti kànìnkànìn ni mo fi ń fọ̀ ọ́, ẹ̀ẹ̀mẹrin lóòjọ́, torí èéfín.

Ibi tó dojú rú fún mi nìyí. Ìyá mi àgbà ní kí n fi àdí àgbọn pa á. Ọ̀rẹ́ mi ní ẹni tí ojú ẹ̀ ń yọ òróró ò gbọdọ̀ pa nǹkan kan rárá. Obìnrin kan wà lọ́jà tó ń po ìpara fúnra ẹ̀ sínú ike funfun, ₦3,500, wọn ò kọ nǹkan kan sára ike ọ̀hún, ó ní ọjọ́ 3 péré ni irorẹ́ á fi wọlẹ̀. Mo ti tọwọ́ bọ àpò owó tán kí n tó ní kí n kọ́kọ́ bi yín. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀?

Bọ̀ọ̀dá Agric (Ìkòròdú)

Àǹtí, òrí ni. Òrí nìkan. Láti kékeré ni mo ti ń fi pa ojú, irorẹ́ kan ò yọ sí mi rí. Ẹ má lọ kó owó ẹja fún àwọn onípara.

Ìyá Ìbejì Ṣábọ̀ (Ìkòròdú)

Àbúrò mi, má fọwọ́ kan ike funfun yẹn o.

Ṣọ́ọ̀bù ìpara ni mo ní ní Ṣábọ̀, ó ti ń lọ sí ọdún 11, èmi náà sì rí irorẹ́ títí mo fi pé ẹni ọdún 34. Mi ò ní dárúkọ ọjà kankan fún ọ, kí wọ́n má baà ní mo wá polówó.

Ọdún tí mo fẹ́ ṣègbéyàwó ni mo ra irú ẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹrin, ojú mi ti dà bí ẹyin tí wọ́n bó, gbogbo èèyàn ló ń bèèrè ohun tí mò ń pa. Mo lò ó fún oṣù 3. Ọ̀sẹ̀ tí mo dáwọ́ ẹ̀ dúró gan-an ni irorẹ́ wẹ́wẹ́, gbogbo wọn rí bákan náà, bo ojú mi pitimu. Dókítà awọ ara tí mo lọ rí wò mí, ó ní kò sí ohun méjì, steroid ló wà níbẹ̀, irú clobetasol tí wọ́n máa ń fún ẹni tí ara ń yún, tí wọ́n á sì ní kó má lò ó pẹ́. Ó máa ń jẹ́ kí pípọ́n àti wíwú tètè wọlẹ̀, ohun tó ń tan èèyàn nìyẹn. Lẹ́yìn náà á sọ awọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, á sì fa irorẹ́ tiẹ̀. Ó gbà mí ní bí oṣù 8 kí ojú mi tó padà sí ti tẹ́lẹ̀. Àwòrán ìgbéyàwó mi dára o, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kó o ra irú ẹwà bẹ́ẹ̀. Ìpara tí kò ní nọ́ńbà NAFDAC, tí kò sọ ohun tó wà nínú ẹ̀, kò gbọdọ̀ dé ojú rẹ.

Ti ọ̀rẹ́ rẹ ńkọ́? Ìwọ tó ń yan ẹja gan-an ló yẹ kó o dá a lóhùn. Tí ẹja ọlọ́ràá bá wà lórí ààrò, ṣebí epo máa ń kán láti ara ẹ̀ sínú iná? Síbẹ̀ gbígbẹ ló ń gbẹ. Bí ojú rẹ ṣe rí nìyẹn. Òróró lọ́tọ̀, omi lọ́tọ̀. Òróró ń tú jáde, ṣùgbọ́n gel yẹn, ooru iná àti kànìnkànìn ti jọ lé omi inú awọ lọ. Ìpara tó máa di omi mú lò ń wá, kì í ṣe èyí tó máa da òróró lé òróró.

Tó o bá dé ilé oògùn, yí ike sẹ́yìn kó o kà á. Ohun tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ ṣáájú. Tó o bá rí water, tí glycerin tó ń di omi mú ò sì jìnnà sí i, ìyẹn dára. Ceramide, niacinamide, hyaluronic acid, gbogbo wọn náà ń ran awọ lọ́wọ́ láti di omi mú. Tó o bá rí Cocos nucifera oil lókè, àdí àgbọn ìyá àgbà náà ni, wọ́n kàn fún un lórúkọ òyìnbó ni. Ó máa ń dí ihò ojú. Cocoa butter, fi ìyẹn sílẹ̀ fún ìgúnpá. Wá èyí tí wọ́n kọ non-comedogenic sí, ìyẹn ni pé kò yẹ kó dí ihò ojú, àmọ́ má fi gbogbo ara gbára lé e, torí ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń wọ̀n ọ́n bó ṣe yé e. Má ra olóòórùn dídùn. Èyí tó fẹ́lẹ́ bí omi ògì ni kó o mú, má mú èyí tó ki. Kọ́kọ́ fi pa abẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ fún bí ọjọ́ mélòó kan kó o tó pa gbogbo ojú.

Gel yẹn, má jù ú nù. Lò ó lónìí, sinmi lọ́la, títí bíbó náà á fi dáwọ́ dúró. Tó bá tán, bèèrè 2.5%: irorẹ́ ò fi bẹ́ẹ̀ mọ ìyàtọ̀ láàárín òun àti 5%, awọ ló mọ̀ ọ́n. Àwọ̀ aṣọ ló ń ṣí, kì í ṣí àwọ̀ ara èèyàn. Fi aṣọ funfun bo ìrọ̀rí rẹ.

Kànìnkànìn, gbé e fún ẹsẹ̀. Ọṣẹ dúdú náà le jù fún ojú tó ti ń ta ọ báyìí. Ọṣẹ ojú tó rọra, àárọ̀ àti alẹ́. Tó o bá kúrò nídìí ààrò lọ́sàn-án, omi lásán ti tó. Fi tówẹ́ẹ̀lì tẹ ojú, má nù ún, kó o wá fi ìpara pa á nígbà tó ṣì rin díẹ̀. Lálẹ́ tó o bá máa lo gel, jẹ́ kí ojú gbẹ kó o tó fi sí i, kí ìpara wá gẹ̀yìn.

Mo tún fẹ́ bi ọ́: kí lo fi ń pa irun?

Bọ̀ọ̀dá Agric, òrí ò ṣe ọ́ ní nǹkan, torí irorẹ́ ò mọlé rẹ. Lọ dúpẹ́.

Bọ̀ọ̀dá Agric (Ìkòròdú)

Hàhà. Mo gbọ́, mà.

Nọ́ọ̀sì Alálẹ́ (Àgbádárìgì)

Mà ti sọ̀rọ̀ débi tó dé. Kí n fi ìpara tó ń gba ojú lọ́wọ́ oòrùn kún un, èyí tí wọ́n kọ SPF 30 sí lára (bó ṣe ń dènà oòrùn tó nìyẹn), láàárọ̀ kó o tó lọ ọjà. Oòrùn máa ń mú kí àpá irorẹ́ túbọ̀ dúdú, àpá yẹn sì máa ń pẹ́ lára àwa aláwọ̀ dúdú ju irorẹ́ fúnra ẹ̀ lọ. Tí èyí tó le bíi kókó lábẹ́ awọ bá wà níbẹ̀, tó ń dùn ọ́, tó sì ń fi ihò sílẹ̀, ọ̀rọ̀ dókítà nìyẹn, ìpara ò lè dá a ṣe.

Ọmọ Ẹlẹ́ja (Ẹ̀pẹ́), lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 3

Ẹ ṣé gan-an ni, ẹ̀yin àgbà mi. Mo ra ike 100 ml kan ní ₦7,800, glycerin ló ṣe ìkejì lẹ́yìn omi. Àgbọ̀n mi ti dákẹ́, kò bó mọ́. Lálẹ́ àkọ́kọ́ ó ta mí díẹ̀, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ̀ ọ́ kúrò, mo wá rántí pé ibi tó ti bó ló ń ta. Irorẹ́ iwájú orí ṣì wà, àmọ́ tuntun ò yọ tó ti tẹ́lẹ̀.

Ìyá Ìbejì, ìpara irun ni lóòótọ́! Èyí tó ki, aláwọ̀ ewé, ni mo fi ń pa etí irun láràárọ̀, kí n tó di ìborí mọ́ ọn lọ sídìí iná. Ẹ wo ibi tó ń yọ́ dà sí, iwájú orí mi gan-an. Mo ti fọ gbogbo ìborí mi.

Àdí àgbọn ti padà sọ́dọ̀ ìyá àgbà, wọ́n bínú díẹ̀. Wọ́n ti wá ń fi pa ẹsẹ̀ báyìí, ẹsẹ̀ wọn sì ń dán ju ojú mi lọ.