Ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ MP, ọlọ́pàá ológun onífìlà pupa, kàn rí, ẹ sọ tiyín

Onífìlà Pupa:
Kí n kọ́kọ́ sọ tèmi. Kọ́púrà ni mí nígbà náà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ẹ̀kọ́ MP ní Basawa, Zaria, dé ni. Lójú mi, kò sí ṣọ́jà tí mi ò lè mú. Lóru ọjọ́ kan, ọkọ̀ kan já wọ báráàkì, ó gbá igi géètì dànù, díẹ̀ ló kù kó tẹ ẹnìkejì mi pa. Kaptéènì ló wà á, ó ń rùn bí agbè ẹlẹ́mu.

Ibẹ̀ lọwọ́ mi ti ká. Òfin wa ní MP lè mú ṣọ́jà, ṣùgbọ́n tó bá ti di ọ́físà, àfi kí ọ́físà mìíràn pàṣẹ. Mo sáré lọ jí lẹ̀fútẹ́náǹtì tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Ó wo ìràwọ̀ mẹ́ta èjìká onítọ̀hún, ó rántí méjì tiẹ̀.

"Kọ́púrà, jẹ́ kílẹ̀ mọ́ ná."

Bẹ́ẹ̀ òfin kan náà ní bí ọ́físà bá ń dá rúgúdù sílẹ̀, èyí tó kéré sí i lè mú un. Ó mọ̀, èmi náà mọ̀.

Ilẹ̀ mọ́ lóòótọ́. Ọjọ́ kẹta, wọ́n ní kí n tún sítétímẹ́ǹtì mi kọ, àkọ́kọ́ ti sọnù. Ọwọ́ kọ̀mándà ni ìwádìí wà, òun náà ló ń sọ bóyá ẹjọ́ wà níbẹ̀. Ó ní kò sí. Wọ́n tún géètì ṣe.

Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà, mo ti ṣọ́jà kékeré kan mọ́ gáàdìrúùmù torí ó fo fẹ́ǹsì lọ wo ìyàwó rẹ̀ tó bímọ. Sítétímẹ́ǹtì tiẹ̀ ò sọnù o.

Ìyá Báráàkì:
Bọ̀dá, ẹ má bínú, mi ò fẹ́ràn ẹ̀yin onífìlà pupa. Ọkọ mi lò ju oṣù méjì lọ ní gáàdìrúùmù, kò rójú kọ́ọ̀tù, èmi ni mò ń gbé oúnjẹ lọ. Lọ́yà kan ló là mí lójú pé tó bá ti ju ọjọ́ 8 lọ, ó yẹ kí wọ́n kọ̀wé sọ ìdí tí wọ́n fi ṣì tì í mọ́lé. Mo lọ bèèrè ìwé ọ̀hún. Wọ́n ní ta ló kọ́ mi lófin!

Onífìlà Pupa:
Ìyá wa, ẹ̀tọ́ yín ni. Èmi náà ti tẹ irú ìwé yẹn rí, kì í ṣẹ̀ẹ̀kan. Orúkọ àti déètì nìkan la máa ń pààrọ̀. Ìdí tó wà nínú rẹ̀ kì í yí: "Ìwádìí ṣì ń lọ lọ́wọ́."