Ọmọ délé láti kírẹ́ẹ̀ṣì pẹ̀lú ojú ẹgba

Ìyá Ìbejì, Agric: Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ará Ìkòròdú, mo ń wẹ̀ fún Táíwò lánàá, ọmọ ọdún méjì péré o, ni mo rí ojú ẹgba mẹ́ta lẹ́yìn itan ẹ̀, ó ti wú, mo bi mádáàmù kírẹ́ẹ̀ṣì wọ́n ní ó da oúnjẹ nù ni, àti pé òfin ò kàn wọ́n. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Bọ̀dá Lọ́yà: Irọ́ ni. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti ìjọba àpapọ̀ jáde ní 2003, ti Èkó ní 2007, ẹni tí ò bá tíì pé 18 lọmọdé, ti jòjòló náà wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ hùwà ìkà sí i. Ẹ ya fótò ojú ẹgba yẹn kó tó parẹ́, kí dókítà kọ ohun tó rí sílẹ̀, kẹ́ ẹ wá lọ bá DSVA, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìwà ipá nínú ilé àti ìfipábánilòpọ̀, ìjọba Èkó ló dá wọn sílẹ̀.

Màmá Ṣùkúrà, Sábó: Èmi ò bá ti fọ́ ilé yẹn 😂 Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n tiẹ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, àwọn míì kàn tẹ́ ẹní sí pálọ̀ ni.

Ìyá Ìbejì: Fótò ti wà. Bàbá wọn ní a ti sanwó tọ́ọ̀mù tán ká ní sùúrù, àmọ́ Táíwò ò padà síbẹ̀ mọ́.