Oṣù tí ìjì kò sinmi: ẹ sọ ohun tí ojú yín rí

Ìyá Ìbejì, Oklahoma City:

Ẹ kú ewu ìjì o, ẹ̀yin ará wa. Ẹni tó bá wà lágbègbè yìí lóṣù Karùn-ún 2019 á mọ ohun tí mò ń sọ. Ó ń jà ní Oklahoma, ó ń jà ní Missouri, ó tún ya Ohio. Àwọn Storm Prediction Center, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń sọ àsọtẹ́lẹ̀ ìjì líle, tí ọ́fíìsì wọn wà ní Norman nítòsí wa níbí, ti ń kìlọ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe ń ka àsọtẹ́lẹ̀ wọn. Fún ọjọ́ kẹrin sí ìkẹjọ tó ń bọ̀, wọn kì í pe ìpele kankan nínú ìpele ewu márùn-ún wọn. Ìdá 15 tàbí 30 nínú 100 ni wọ́n ń kọ, ìyẹn bí ó ṣe ṣeé ṣe tó kí ìjì líle jà láàárín máìlì 25 sí ibi téèyàn wà. Àwọn kan á ní, "15 péré?" Kò kéré o! Lọ́pọ̀ ọjọ́ nínú ọdún, wọn kì í kọ nǹkan kan síbẹ̀ rárá.

Ọ̀rinrin tó ń gòkè láti Gulf of Mexico ni wọ́n ń ṣọ́, àti afẹ́fẹ́ gbígbẹ láti ìwọ̀-oòrùn, àti èyí tó ń sáré burúkú lókè lọ́hùn-ún. Ìyẹn rọrùn láti rí lókèèrè. Èyí tó ń dà wọ́n láàmú ni afẹ́fẹ́ gbígbóná tó máa ń dé ti ìsàlẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ọmọrí ìkòkò. Bí kò bá ṣí, òjò ò ní rọ̀. Bó bá ṣí lọ́sàn-án gangan, ọ̀rọ̀ di bó-ò-lọ-o-yàgò. Láàárọ̀ àti lálẹ́ ni wọ́n sábà máa ń fi bàlúùnù wò ó, ó sì ṣòro láti mọ̀ ọ́n dájú ní ọjọ́ márùn-ún ṣáájú.

Nígbà tó di ogúnjọ́ oṣù náà, wọ́n kun àwa di àlùkò lórí máàpù wọn, ìpele karùn-ún, òkè pátápátá. Wọ́n ti ilé ìwé. Ogúnjọ́ oṣù Karùn-ún 2013 náà ni tòńádò, ìjì tó ń yí bí òkòtó, pa èèyàn 24 ní Moore nítòsí wa, ẹ ò rí i pé kò sẹ́ni tí àyà rẹ̀ ò já. Àwọn ibòmíràn rí tiwọn, ṣùgbọ́n ìlú tiwa bọ́. Níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, yẹ̀yẹ́ ni: "Wọ́n tún ti purọ́."

Alẹ́ Sátidé, ọjọ́ 25, tí kì í ṣe ìpele karùn-ún, tòńádò wọ El Reno lápá ìwọ̀-oòrùn wa, ó wó ilé ìtura kan, èèyàn méjì kú. Láti ìgbà náà, aago ni mo ń wò ju àwọ̀ lọ. Ìjì òru ni mo bẹ̀rù.

Bàbá Tóún, Dallas:

Òótọ́ lẹ sọ. Màmá ìyàwó mi wá bá wa tọ́jú ọmọ tuntun lóṣù Kẹrin. Ní Ìbàdàn, bí àkọ́rọ̀ bá ń gbé ìjì bọ̀, ìlà-oòrùn ló ti ń ṣú. Bí mo bá ti ní ojú ọjọ́ máa burú lọ́la àti lọ́tùn-únla, Màmá á gbé àga síbi fèrèsé ìlà-oòrùn, wọ́n á máa ṣọ́ ọ. Mo ní, "Màmá, ẹ̀yìn yín ló ń gbà bọ̀ níbí." Wọ́n ní ojú ọ̀run kan náà ni. Ẹ̀yìn wọn náà ni yìnyín gbà dé, tó fọ́ gíláàsì mọ́tò aládùúgbò. Wọ́n wá bi mí pé Ifá wo làwọn òyìnbó yìí ń dá tí wọ́n fi ń rí ọjọ́ kẹjọ.

Ìyá Ìbejì, Oklahoma City:

Hà! Ẹ bá mi kí Màmá, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ra rédíò ojú ọjọ́ sí yàrá wọn, èyí tó ń pariwo fúnra rẹ̀ lóru. Bàbá Ìbejì kórìíra tiwa bí nǹkan míì, ṣùgbọ́n kò tíì pa á rí.