Jíìpù ìjókòó méje fún ìdílé wa ní Iléṣà: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Obòkun:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Corolla wa ò gbà wá mọ́. Èmi, ìyàwó, ọmọ mẹ́rin, pẹ̀lú màmá mi tí orúnkún ń yọ lẹ́nu: méje géérégé. Iléṣà là ń gbé, àmọ́ méjì nínú àwọn ọmọ ń lọ sí iléèwé ní Ifẹ̀, a sì máa ń lọ Ìbàdàn lóṣooṣù. Jíìpù tòkunbọ̀ tó tóbi, tó sì tura ni mò ń wá, èyí tí mo lè gbé lọ òde ìnáwó láìwẹ̀yìn. Lexus GX 460, Mercedes GL 450 àti Acura MDX ló wà lọ́kàn mi. Èwo ni kí n mú? Kẹ́nikẹ́ni má sọ pé kí n lọ ra Sienna o.

Ìyá Ìbejì Modákẹ́kẹ́:
Ẹ lọ ra Sienna. 😂 Ẹ má bínú sà, eré ni.

GX là ń lò nílé, ọdún kẹta rèé. Ẹni tó bá jókòó níwájú tàbí láàrin, oorun ló máa sùn débi tó ń lọ. Ẹ̀yìn pátápátá lọ̀rọ̀ wà. Abẹ́ ilẹ̀ ọkọ̀ ni ìjókòó ẹ̀yìn ń ká wọ̀ tí èèyàn bá tẹ bọ́tìnnì, ìyẹn ló jẹ́ kí ilẹ̀ ibẹ̀ ga, kí ìjókòó sì rẹlẹ̀. Orúnkún àgbàlagbà á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Àwọn ìbejì mi, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jà sí. Bàbá wọn jókòó síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, láti Ifẹ̀ dé Òṣogbo. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, kò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi jẹun tán.

Ẹ tún wo ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Kì í ṣí sókè, bí ilẹ̀kùn yàrá ló ṣe ń ṣí, apá ọ̀tún ni wọ́n sì so ó mọ́. Japan ló ti wá, apá òsì títì ni wọ́n ń gbà lọ́hùn-ún. Àwa ti bọ́ sápá ọ̀tún láti ọdún 1972. Tí ẹ bá wá páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ilẹ̀kùn yẹn á dínà mọ́ ẹni tó ń gbẹ́rù bọ̀ látinú ọjà. Ní Odò Ògbè, ṣe ni alábàárù mi máa ń gbé iṣu lérí yípo bọ́ sójú títì, kí ọlọ́kadà tó máa bú u. Dígí ẹ̀yìn máa ń dá ṣí lọ́tọ̀ ṣá, ibẹ̀ ni mo ń gbà ju báàgì wọlé.

Mẹkáníìkì Lágere:
Ẹ kú ìtàkúrọ̀sọ. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, GL ni àgbàlagbà lè jókòó sẹ́yìn rẹ̀ kó má kérora. Àmọ́ afẹ́fẹ́ ló gbé e dúró, kì í ṣe sípíríìnì. Lórí ọ̀dà tó dáa, ẹ ò ní mọ̀ pé ẹ ń rìn. Lórí tiwa ńkọ́? Ọkọ̀ oní-afẹ́fẹ́ tó bá ti gbó, iṣẹ́ òòjọ́ wa ni. Rọ́bà rẹ̀ á là, oní-ǹkan á jí láàárọ̀ á rí i pé ọkọ̀ ti kúnlẹ̀ bíi ràkúnmí lẹ́sẹ̀ kan. Ẹni tó bá máa rà á, kó ti fi owó ìyẹn pa mọ́.

MDX rọrùn, ó sì fúyẹ́ lọ́wọ́. Bẹ́líìtì ló ń yí inú ẹ̀ńjìnnì rẹ̀, bíi máìlì 100,000 sì ni wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀. Tó bá já lójú ọ̀nà, ẹ̀ńjìnnì lè bá a lọ. Tòkunbọ̀ ló sì jẹ́, ẹ ò mọ ìgbà tí olówó rẹ̀ àkọ́kọ́ ṣe é gbẹ̀yìn. Ṣéènì ni GX 460 ń lò, ẹ bọ́ lọ́wọ́ ìyẹn. Ṣùgbọ́n V8 ni, ẹ̀ńjìnnì oní-sìlíńdà mẹ́jọ, lítà 4.6, ó ń mu epo gan-an. Látìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lọ́dún 2023, mo mọ àwọn tó ní V8 tí wọ́n ń wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ ọjà.

Tíṣà Fẹ̀yìntì:
Ẹ tan éèsì lọ́sàn-án gangan, kí ẹ lọ jókòó sẹ́yìn pátápátá fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ má jẹ́ kí ẹni tó ń tà á bá yín jókòó síbẹ̀.

Òṣómàáló:
Ẹ̀gbọ́n, èèyàn méje lẹ kà. Ẹrù ńkọ́? Tí ìjókòó ẹ̀yìn bá ti nà ró, ohun tó kù ní búùtù GX tàbí MDX ò ju àpò gààrí kan àti kúlà kékeré lọ. Tí ẹ bá ń lọ Ìbàdàn, orí ọkọ̀ lẹ máa di ẹrù sí, kí ẹ yáa ra irin rẹ̀ mọ́ ọn. Ní ti owó, ẹ lóṣòó tì í. Ìjẹ̀ṣà ni yín, mi ò ní kọ́ yín.

Ọmọ Obòkun:
Ẹ ṣeun gan-an. A lọ wò wọ́n ní Sátidé, mo sì mú màmá dání. Wọ́n dúró ti GX, wọ́n gbójú sókè, wọ́n ní, "Ṣé àjà lẹ fẹ́ kí n gùn ni?" Ẹsẹ̀ ọ̀tún kan pátákó ìgbẹ́sẹ̀lé, ti òsì kọ̀ jálẹ̀. Èmi àti ọmọ tó ń bá wọn ta ọkọ̀ la jọ gbé wọn sọ̀ kalẹ̀. A dé ìdí MDX, wọ́n fi ìdí jókòó, wọ́n yí ẹsẹ̀ wọlé, ó parí. Kí n tó wí nǹkan kan, wọ́n ti ń so bẹ́líìtì ìjókòó.

Àkọ́bí mi ló ń bínú báyìí. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ó ga jù mí lọ, ó ní òun ò lè jókòó sẹ́yìn yẹn dé Ìbàdàn. Ìyàwó mi kúrú, ó ti gbà láti jókòó síbẹ̀, àmọ́ ó ní iye kan ló máa gbà.

Mẹkáníìkì, ẹni tó ń ta MDX ní wọ́n ti pààrọ̀ bẹ́líìtì ẹ̀ńjìnnì yẹn kí wọ́n tó gbé e wọ ọkọ̀ ojú omi.

Mẹkáníìkì Lágere:
Gbogbo wọn ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ má sanwó o. Ẹ ní kó gbé e wá, kí n ṣí ìdérí rẹ̀ kí a jọ wò ó.