Bàbà nínú gíléèsì: kí ló ń sọ àyìnrín di àwọ̀ ewé?

Amọ̀kòkò Ìtòkú:
Ẹ̀yin àgbà nínú iṣẹ́ amọ̀, mo kí yín o. Abẹ́òkúta ni mo wà, mo ń fi amọ̀ pupa mọ àwo àti ife, ààrò mànàmáná tí mo fi ń sun wọ́n sì máa ń gbóná dé nǹkan bí 1,040 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Àyìnrín ni mo fẹ́ kí gíléèsì mi, ìyẹn ohun dídán bíi dígí tí a fi ń bo ojú àwo, jẹ́, irú èyí tí aṣọ máa ń ní nígbà tí aláró bá rì í bọ ìkòkò aró lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì péré. Mo fi ìyẹ̀fun bàbà ìwọ̀n 3 sínú 100 gíléèsì tí bóráàsì, irú iyọ̀ funfun kan tí ń mú kí gíléèsì yọ́, pọ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí mo ṣí ààrò, àwọ̀ ewé ni mo bá, etí àwo níbi tí gíléèsì ti fẹ́lẹ́ sì pọ́n bí ìyeyè. Ṣé kí n fi bàbà kún un ni?

Ọmọ Ìjẹmọ̀:
Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi bàbà kún un. Bí ó bá fi kọjá 5 nínú 100, ó lè dúdú, kí ojú rẹ̀ sì rí bí irin tí iná ti jó. Ohun tí ó yọ́ yí bàbà ká ni ó ń pinnu àwọ̀ tí a ó rí: níbi tí sódà bá ti pọ̀ tí amọ̀ funfun inú gíléèsì sì kéré, àyìnrín ni yóò yọ, níbi tí bóráàsì bá ti gbilẹ̀, àwọ̀ ewé ni. Kò yẹ kí èyí ṣàjèjì ní Ìtòkú tí a mọ̀ mọ́ àdìrẹ, nítorí ẹ̀lú nìkan kò lè di aró láìsí omi eérú. Bàbà, iyanrìn àti kán-ún tàbí eérú ewéko ni àwọn ará Íjíbítì fi ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀ àyìnrín ní ohun tí ó lé ní 5,000 ọdún sẹ́yìn.

Amọ̀kòkò Ìtòkú:
Ẹ ṣeun gan-an. Ṣé mo lè lọ kán-ún ọjà sínú rẹ̀, nígbà tí ó jẹ́ pé sódà ni?

Ìyá Alámọ̀:
Mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí, ó sì dùn mí. Kán-ún a máa yòrò nínú omi. Àwo tí a ti sun lẹ́ẹ̀kan a fa omi náà mu, bí ó bá sì ti ń gbẹ, kán-ún a rìn lọ sí etí àwo, a hu bí iyọ̀. Nígbà tí mo sun ún, etí àwo ń dán, ṣùgbọ́n àárín rẹ̀ gbẹ, ó rí háráhárá lọ́wọ́. Fríìtì ni kí ẹ rà, ìyẹn sódà tí wọ́n ti yọ́ mọ́ iyanrìn títí ó fi di dígí, tí wọ́n wá lọ̀ kúnná, kí ẹ sì sọ fún ẹni tí ń tà á pé èyí tí sódà rẹ̀ pọ̀ tí bóráàsì rẹ̀ kéré ni ẹ fẹ́.

Ní ti etí tí ó pọ́n, irin inú amọ̀ pupa ni ó yọ́ wọ inú gíléèsì, òun náà sì ń ti àyìnrín sí àwọ̀ ewé. Ẹ po ẹfun mọ́ díẹ̀ nínú amọ̀ yín, kí ẹ fi kun àwo nígbà tí kò tíì gbẹ tán.

Ọmọ Ìjẹmọ̀:
Ó ku ohun kan. Gíléèsì onísódà máa ń sún kì ju amọ̀ lọ bí ó bá ń tutù, nítorí náà ojú rẹ̀ sábà máa ń sán wẹ́wẹ́, bàbà inú rẹ̀ sì lè yọ sínú omi ọsàn tàbí ọbẹ̀ tó kan. Ẹ fi sí ara ìkòkò òdòdó, kì í ṣe inú ife. Bí ẹnikẹ́ni bá fi gíléèsì olójé lọ̀ yín, ẹ kọ̀ ọ́ pátápátá: májèlé ni òjé, bàbà a sì tún máa mú kí ó tètè yọ sínú oúnjẹ.

Amọ̀kòkò Ìtòkú:
Mo ti gbọ́. Mo ti fi ẹfun kun àwo kékeré mẹ́fà lónìí; mo máa fi bàbà 1, 2 àti 3 dán wọn wò, méjì-méjì, kí n tó fọwọ́ kan ìkòkò ńlá kankan.