Bíréèkì dírọ́ọ̀mù Ìjàpá kì í mú mọ́ tó bá ti gbóná

Ìjàpá_Adó
Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Volkswagen Ìjàpá ọdún 1976 ni, dírọ́ọ̀mù ni ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Nínú ìgboro Adó, bíréèkì ń mú, àfi pé ó ń fà sósì díẹ̀. Tó bá wá ń sọ̀ kalẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Ẹ̀fọ̀n Aláayè, pẹ́dà á bẹ̀rẹ̀ sí í wọlẹ̀. Téèyàn bá pọ́ǹpù ú lẹ́ẹ̀mejì, á tún gòkè. Ṣú iwájú, ìyẹn àwọn tó ń tẹ dírọ́ọ̀mù látinú, ṣì tuntun. Mẹkáníìkì kan ní kí n wá bóòsítà sí i, òmíràn ní kí n kó dírọ́ọ̀mù iwájú dànù kí n fi dísìkì. Èwo ni ká ṣe?

Sáńpépà80
Bóòsítà ò lè wo àrùn yìí. Ẹsẹ̀ yín nìkan ló máa gbà lọ́wọ́ wàhálà. Dírọ́ọ̀mù tó ń gbóná á ṣì máa gbóná. Ẹ̀yin náà ti dáhùn ìbéèrè yín: pẹ́dà tó bá gòkè lẹ́yìn pọ́ǹpù, ṣú ló jìnnà sí dírọ́ọ̀mù. Irin a sì máa fẹ̀ tó bá gbóná, ìyẹn ló ṣe jẹ́ pé orí òkè ló ti ń hàn. Ká ní ńṣe ló ń rì díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ tẹ́ ẹ ò ká kúrò ni, másìtà, ìyẹn sìlíńdà tó ń ti óìlì lọ sẹ́sẹ̀ ọkọ̀, ni mi ò bá pè. Ká ní ó rọ̀ bíi fóòmù, afẹ́fẹ́ ni.

Ẹ fi jáàkì gbé ẹsẹ̀ kan. Ẹ di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, kẹ́ ẹ mì ín. Tó bá ń jó, ẹ ṣètò bíárìnì ná. Lẹ́yìn irin tí ṣú jókòó lé, ẹ máa rí rọ́bà kéékèèké tó dí ihò. Ajọ́sítà eléyín méjì ló wà nínú ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ṣú kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Ẹ fi sukurudíráífà pẹlẹbẹ yí ọ̀kan títí táyà ò fi ní yí mọ́, ẹ dá a padà ní eyín mẹ́ta sí mẹ́rin, kẹ́ ẹ tó lọ sórí èkejì. Ẹ tẹ pẹ́dà lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ṣú jókòó, kẹ́ ẹ tún un yẹ̀ wò. Ọ̀pọ̀ á ṣe ọ̀kan, wọ́n á fi èkejì sílẹ̀, wọ́n á ní Ìjàpá ò ní bíréèkì! Ẹ sọ hándíbíréèkì kalẹ̀ tẹ́ ẹ bá ń ṣe tẹ̀yìn.

Ọ̀pá tó ń ti másìtà gbọ́dọ̀ ní àlàfo mìlímítà 1 kó tó kan písítìnì. Tí kò bá sí i, ihò tí óìlì ń gbà padà á dí, bíréèkì á máa mú fúnra rẹ̀.

Tọ́nà_Ajílóṣùn
Ṣú tuntun yẹn ni mo fura sí ní tèmi. Dírọ́ọ̀mù tí tọ́nà ti ha inú rẹ̀ rí ti fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣú ọjà ò sì mọ̀. Àárín ṣú nìkan ni yóò máa kàn án, etí méjèèjì á dúró lófìfo. Ibi kékeré tó ń kàn yẹn á jóná, á máa dán bíi dígí.

Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì pa inú dírọ́ọ̀mù, ẹ dá a padà, ẹ fún ajọ́sítà títí ṣú á fi máa ha á, ẹ yí i, kẹ́ ẹ tún tú u. Ibi tó bá funfun lára ṣú ló ń ṣiṣẹ́. Tí funfun náà ò bá ju ìbú ìka méjì lọ láàárín, ẹ tẹ́ sáńpépà 80 sínú dírọ́ọ̀mù, ẹ gbé ṣú lé e, kẹ́ ẹ máa fà á síwá-sẹ́yìn títí yóò fi kàn láti etí dé etí. Ẹ fi omi rin eruku rẹ̀, ẹ bo imú. Ẹ má fẹnu fẹ́ eruku náà, ẹ má sì fi kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ fẹ́ ẹ. Èyí tó wà lára ṣú àtijọ́ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Tí pẹ́dà bá ń gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀, dírọ́ọ̀mù ò rí roboto mọ́. Tí tọ́nà bá máa ha á, ẹ má kọjá ìwọ̀n tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ha ọ̀tún, ẹ ha òsì ní ìwọ̀n kan náà.

Ìjàpá_Adó
Ẹ ṣeun gan-an. Ṣé mo lè fi bẹntiróòlù fọ sìlíńdà ẹsẹ̀ tó ń ti ṣú? Fífà sósì yẹn ńkọ́?

Òkè_Ẹ̀fọ̀n
Bẹntiróòlù kẹ̀? Rọ́bà inú rẹ̀ á wú, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Bíréèkì óìlì tuntun ni kẹ́ ẹ fi fọ̀ ọ́.

Ọkọ̀ tó ń fà sósì, ẹsẹ̀ ọ̀tún ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tú, torí òun ni ò ṣiṣẹ́ tó. Ẹ ká rọ́bà orí sìlíńdà sẹ́yìn. Tó bá tutù lábẹ́, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ wo ọ́ọ̀sì rọ́bà pẹ̀lú: tó bá ti gbó, inú rẹ̀ á wú, òde rẹ̀ á sì dára lójú. Tó bá jẹ́ ẹ̀yìn ni ṣú ti ń rùn bí óìlì gíà, síìlì ti lọ nìyẹn. Ṣú tó ti mu óìlì kì í ṣeé fọ̀, ẹ pààrọ̀ ti ọ̀tún àti ti òsì.

Nọ́ọ̀tì ẹ̀yìn jẹ́ mìlímítà 36, agbára tí ẹ máa fi fún un jẹ́ nǹkan bíi 300 Nm: ẹni tó wọn kílò 75 tó dúró lórí páìpù ní sẹ̀ǹtímítà 40 sí nọ́ọ̀tì. Tí ihò kọ́tà píìnì, ìyẹn píìnì tí kì í jẹ́ kí nọ́ọ̀tì tú, ò bá ṣe déédéé, ẹ fún un síwájú, ẹ má tú u sẹ́yìn. Nọ́ọ̀tì iwájú òsì ní tirẹ̀, òdìkejì ló ń yí, wáyà sipidómítà sì gba àárín rẹ̀ kọjá. Ẹ yọ wáyà náà kẹ́ ẹ tó fa dírọ́ọ̀mù.

Ẹ da bíréèkì óìlì àtijọ́ nù, ẹ fi DOT 4 sí i. Ó máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́: ní tuntun, kò gbọdọ̀ hó kó tó dé 230°C, àmọ́ tí omi bá ti wọ̀ ọ́, ó lè hó ní 155°C péré. Ẹ̀yìn ọ̀tún lẹ máa kọ́kọ́ fa afẹ́fẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ̀yìn òsì, iwájú ọ̀tún, iwájú òsì.

Gíà tẹ́ ẹ máa fi gun òkè Ẹ̀fọ̀n ni kẹ́ ẹ fi sọ̀ ọ́. Ẹ tẹ bíréèkì gírí kẹ́ ẹ sì jọ̀wọ́ rẹ̀; ẹ má gbẹ́sẹ̀ lé e láti òkè délẹ̀.

Sáńpépà80
Lórí dísìkì: ó dáa o, ṣùgbọ́n ẹ ní láti pààrọ̀ másìtà pẹ̀lú. Ti dírọ́ọ̀mù máa ń fi agbára díẹ̀ sílẹ̀ nínú páìpù, ìyẹn ò ní jẹ́ kí páàdì tó ń fún dísìkì kúrò lára rẹ̀.