Awọ itan mi: ṣé kí n jẹ́ kí wọ́n gé e?

Ẹ kú ilé o. Láti kílò 128 ni mo ti fọn dé 74, n ò sì tún sanra mọ́. Ṣùgbọ́n awọ itan mi ṣì ń fì. Tí mo bá rìn láti Lágere dé Ẹnuwà níbí ní Ilé-Ifẹ̀ nínú oòrùn, gbogbo rẹ̀ á ti bó. Màmá mi ní kí n ra ṣòkòtò gígùn (wọ́n rò pé torí oge ni mo ṣe fẹ́ gé e!).

Dókítà ní wọ́n lè gé awọ náà, kí wọ́n rán an láti ibi tí itan ti pàdé ara títí dé itòsí orúnkún. Àpá ló ń bà mí lẹ́rù: ibi tí mo ti lu etí gan-an wú bí ẹ̀pà. Ibi tí itan ti pàdé ara sì máa ń rin, ọgbẹ́ ibẹ̀ lè ya.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é, báwo ni àpá yín ṣe rí báyìí? Ṣé OAUTHC, ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ níbí, ni ẹ ti ṣe é, àbí Èkó?